Ẹ̀tù wo ni kí n rà fún ọta òjé mi?

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbọn, mo ní háà, ṣé ogun fẹ́ jà ni? Nígbà tí mo kà á tán mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ni gbogbo ẹ̀, mo bá kó wọn pọ̀ sójú kan. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé nípa owó ilé àti àna tó ń yọni lẹ́nu, ẹ ní sùúrù, ó di oṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Bẹẹrẹ ni mí n'Ìbàdàn ńbẹ̀ àmọ́ Houston ni mo ń gbé, ọdún keje rèé. Ọdẹ ni bàbá mi, òórùn ẹ̀tù ò ṣàjèjì sí mi. Mo ra revolver (ìbọn ìléwọ́) .38 Special kan níbí lábẹ́ òfin, mo máa ń lọ yìn ín ní Sátidé, bébà ni mo ń yìn o, mi ò pa nǹkankan. Owó ọta ti pọ̀ jù ni mo bá ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di ọta fúnra ẹni. Mo ti ní ọta òjé dídà, 148 grain (ìwọ̀n òyìnbó tí wọ́n fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù), èyí tí orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, mo ti ní kòròfo idẹ, mo ti ní kápù tó ń ta iná sí ẹ̀tù. Ẹ̀tù ló kù, ẹni tó ń tajà sì kó oríṣi mẹ́sàn-án síwájú mi, ó ní èyí lágbára, tọ̀hún mọ́, orí mi dàrú. Èwo ni kí n mú? Àti pé ṣé mo lè máa fojú wọ̀n ọ́n bíi ti bàbá mi? *Ọmọ Ọdẹ*

ÈSÌ: Àbúrò mi, o káre tó o béèrè kó o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn dáhùn ẹ̀: rárá o, má fojú wọ̀n ọ́n. Mo mọ bí bàbá ẹ ṣe ń ṣe é, torí bàbá kan tó wà lójúlé kejì sí wa l'Ókè-Àdó náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n á da ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á mì ín díẹ̀, wọ́n á wò ó bí ẹni tó fẹ́ ra gàárì, wọ́n á dà á sẹ́nu ìbọn, wọ́n á ki àkísà lé e, wọ́n á wá fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀tù dúdú nìyẹn, èédú, imí-ọjọ́ àti saltpeter ni wọ́n pò pọ̀. Ẹ̀tù dúdú máa ń gbojú fo àṣìṣe kékeré, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti gé ìka ọdẹ mélòó kan tí mo mọ̀.

Ẹ̀tù tí wọ́n kó síwájú ẹ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe ìyẹn rárá. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ni, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Paul Vieille ló gbé èyí tó wúlò fún ìbọn jáde ní 1884. Ìwọ̀nba bíńtín ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ òdìdì ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀tù dúdú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí kòròfo .38 Special tó o ní lọ́wọ́ yẹn, 1898 ni ilé iṣẹ́ ìbọn Smith & Wesson gbé e jáde, ayé ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣì ń jẹ nígbà yẹn, nǹkan bíi 21 grain ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é fún. Lónìí, fún ọta 148 grain tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láti lu bébà, nǹkan bíi 3 grain ẹ̀tù oníkánjú, èyí tó ń yára jó, ló ń gbà. Ṣé o mọ bí 3 grain ṣe kéré tó? Grain 7,000 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, hóró ọkà báálì kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ láyé àtijọ́. Tó o bá dà á sínú kòròfo yẹn, ṣe ló máa dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ pẹlẹbẹ bí iyọ̀ tó kù sídìí ìgò. Tó o bá gbàgbé tó o dà á lẹ́ẹ̀mejì, ó máa gbà á. O ṣì lè rí ọta tẹ̀ lé e lórí kó sì dé dáadáa, kí àmì kankan má sì sí níta. Ìgbà tó o bá yìn ín lo máa tó mọ̀, ihò tó ń gbé ọta nínú revolver yẹn máa là sí méjì, irin tó wà lókè ẹ̀ máa tẹ̀ sókè, Ọlọ́run ló mọ ibi tí ìka ẹ máa wà.

Nítorí náà nígbà tó o bá ń yan ẹ̀tù, kì í ṣe "èwo ló lágbára" lo máa kọ́kọ́ béèrè. Bó ṣe ń yára jó ni àkọ́kọ́, bó ṣe ń kún inú kòròfo tó lójú ni ìkejì, bó ṣe ń ṣàn nínú òṣùwọ̀n ni ìkẹta.

Ẹ̀tù oníkánjú wà, ẹ̀tù onísùúrù wà. Oníkánjú ló yẹ ọta tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, torí ó máa jó tán kíákíá lórí prẹ́ṣọ̀ kékeré. Onísùúrù, irú H110, ìbọn magnum (èyí tí ọta ẹ̀ lágbára gan-an) ló wà fún, ó fẹ́ kí kòròfo kún kí prẹ́ṣọ̀ sì ga, àwọn tó ń tà á fúnra wọn kìlọ̀ pé èèyàn ò gbọdọ̀ dín in kù ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí iye tí wọ́n kọ. Tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé kó o ra H110 kó o kàn fi díẹ̀ sí i fún ọta bébà, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó o sì máa bá tìẹ lọ.

Nínú àwọn oníkánjú, Bullseye ni àgbà wọn, òun náà ti wà láti 1898 bíi ọta ẹ gan-an, àwọn tó ń yìn bébà ní Amẹ́ríkà ò jẹ́ fi sílẹ̀ láti ìgbà yẹn. Pẹlẹbẹ kéékèèké ni, ó ń ṣàn dáadáa, àmọ́ kò kún ojú, ohun tí mo sọ nípa ìlọ́po méjì yẹn, òun ló le jù nínú ẹ̀. 231 wà, HP-38 wà, ẹ̀tù kan náà ni méjèèjì o, páálí ló yàtọ̀, má jẹ́ kí wọ́n tà á fún ẹ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ìkan dáa jùkan. Hóró wínníwínní tó tẹ́ díẹ̀ ni, ó ń dà bí iyanrìn tó gbẹ, òṣùwọ̀n kì í ṣe ségesège lórí ẹ̀. Red Dot ní èérún pupa nínú, ó kún ojú ju Bullseye lọ, àmọ́ pẹlẹbẹ ẹ̀ tóbi, nígbà míì ó máa ń há nínú òṣùwọ̀n kékeré. Unique náà há bẹ́ẹ̀, ẹ̀tù tó dáa ni, kò kàn pọn dandan fún ẹ. Titegroup ò bìkítà bóyá ẹ̀tù wà níwájú kòròfo ni àbí lẹ́yìn, èyí dáa, àmọ́ ó gbóná, ó sì kéré lójú ju gbogbo wọn lọ, mi ò ní fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Trail Boss ló kún ojú jù, ó rí roboto ó sì ní ihò láàárín bíi dónọ́ọ̀tì, tó o bá dà á lẹ́ẹ̀mejì ojú ẹ máa tètè rí i, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ̀wọ́n lọ́jà.

Tèmi, tó bá jẹ́ pé èmi lo rán sí ṣọ́ọ̀bù, 231 ni mo máa gbé bọ̀ fún ẹ. Ọdún mẹ́wàá tí mo fi wà ní ìlú òyìnbó òun ni mo lò jù, ó mọ níwọ̀n, kì í sì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó kù sórí òjé yẹn (òjé ni mo wí o, kì í ṣe Ọjẹ́ tí a ti ń ra aṣọ òkè). Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí òjé bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó, wọ́n á wá ra èyí tí wọ́n fi antimony (irin kan tó ń mú òjé le) pọ̀ sí títí tó fi fẹ́ dà bí irin. Fún ọta tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, irọ́ ni. Òjé tó rọ̀ máa fẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù bá tì í nídìí, á dí báréèlì pa, afẹ́fẹ́ gbígbóná ò ní ráàyè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èyí tó le jù kì í fẹ̀, ìgbóná á máa jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjé á wá lẹ̀ mọ́ inú báréèlì bí ẹ̀kọ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kó bá ihò mu, .358 ínṣì ló sábà máa ń bá .38 mu, kí ihò ibi tí ọta ń gbé má sì fún ju báréèlì lọ. Èéfín tó o bá rí, ìda tí wọ́n fi pa ọta lára ló ń rú èyí tó pọ̀ jù, má lọ bínú sí ẹ̀tù.

Iye tó o máa fi sí i gan-an, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí ọta yàtọ̀ síra, jíjìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé yàtọ̀, ìwé òṣùwọ̀n tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù yẹn tẹ̀ jáde lo máa wò, iye tó kéré jù níbẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ra sìkéèlì. Kó kòròfo àádọ́ta sórí pákó oníhò, da ẹ̀tù sí gbogbo ẹ̀, kó o wá tan tọ́ọ̀ṣì kó o yẹ inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó o tó ti ọta kankan wọlé. Èyí tó bá ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, yí i dànù. Tó o bá wà lẹ́nu ìyìnbọn tí ọ̀kan kàn dún pọ́, tí kò ta ọ́ lọ́wọ́, dúró síbẹ̀, má yìn òmíràn tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí ọta yẹn há sínú báréèlì.

Ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì. Mo ti fi ẹ̀tù sílẹ̀ nínú òṣùwọ̀n sùn lálẹ́ ọjọ́ kan rí torí orun ń kùn mí, nígbà tó di àárọ̀ ìgò méjì ló wà níbẹ̀, mi ò mọ inú èwo ni mo ti bù ú. Mo wò ó, mo gbóòórùn ẹ̀, mo ń tan ara mi jẹ ni. Mo bá dà á sídìí òdòdó ìyàwó mi. Òdòdó yẹn hù ju ti gbogbo àdúgbò lọ lọ́dún yẹn, mi ò sọ fún un títí di òní.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ọdẹ ni mí ní Mọ́níyà, mo ní láísẹ́ǹsì ṣakabùlà mi. Wọ́n ní ẹ̀tù òyìnbó yìí lágbára ju tiwa lọ. Tí ọmọ mi bá rí i rà, ṣé mo lè dà á sí ìbọn mi, kí n dín in kù díẹ̀? *Bàbá Ọdẹ*

ÈSÌ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má dán an wò, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n orí ìka. Paipu tí alágbẹ̀dẹ fi rọ ṣakabùlà ò lè gbé prẹ́ṣọ̀ ẹ̀, ojú ẹ̀yin tí ẹ gbé e sẹ́jìká ló máa fọ́ sí. Kò sí dídínkù tó lè tún un ṣe. Ti òfin náà sì wà ńbẹ̀: láísẹ́ǹsì ṣakabùlà ò bo ìbọn míì, revolver wà lára àwọn ìbọn tí òfin ìbọn Nàìjíríà kà léèwọ̀ fún gbogbo ìlú àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè jókòó sílé kó máa ṣe ọta. Ohun tí mo sọ fún àbúrò wa lókè yẹn, òfin ibi tó wà ló gbà á láàyè. Tí ọmọ yín bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ ní kó ra bàtà òjò tó dáa fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Challenge ni mo ń gbé, mò ń múra àtilọ bá ọkọ mi ní Atlanta pẹ̀lú ọmọ wa ọlọ́dún méjì. Ó fi fídíò hàn mí bó ṣe ń yọ́ òjé lórí sítóòfù ní kíṣìnì láti fi ṣe ọta. Àyà mi ń já, ó ní mo kàn ń bẹ̀rù ni. *Ìyá Tèmítọ́pẹ́*

ÈSÌ: Ìyá Tèmi, ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín ló ń bà yín. Ọdún 2010 ní Zamfara, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà tó ní òjé nínú láàárín ilé, ó lé ní irínwó ọmọ kékeré tó kú, eruku ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń fà símú. Ọmọ ọlọ́dún méjì ń ṣeré nílẹ̀, ó ń ti ọwọ́ bọnu, ara ẹ̀ ń gba òjé ju ti àgbà lọ. Ẹ sọ fún ọkọ yín kó gbé ìkòkò òjé kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó dé, síta gbangba, kó má sì fi ìkòkò yẹn se oúnjẹ mọ́ láéláé. Kó nu kíṣìnì yẹn pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, kó má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Kó máa bọ́ aṣọ àti bàtà tó fi ṣiṣẹ́ sílẹ̀ níta. Tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ ní kí dókítà ọmọdé yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ Tèmi, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà lórí ìka, kí ọkọ yín náà na ìka tiẹ̀.