Èsì: Sprocket iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn?
Bọ̀dá mi, ẹ ní YZ125 yín, alùpùpù Yamaha tí wọ́n ń gùn nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, ń kú lórí iyanrìn Lẹ́kí bí ẹ bá ti wọ jíà kejì, ẹ̀ ń bèèrè èwo nínú sprocket méjèèjì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Eyín 13 ló wà níwájú yín, 48 lẹ́yìn: ẹ fi 13 pín 48, 3.69 nìyẹn. Bí iye yìí bá ṣe ga sí i ni alùpùpù á ṣe lágbára láti fà sí i, tí eré rẹ̀ á sì dínkù. Bí ẹ bá fi 12 síwájú, ó di 4. Eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin lẹ́yìn, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Àmọ́ sprocket kékeré a máa jẹ rọ́bà tí ṣéènì ń gbà kọjá lára swingarm, apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú. Tèmi ti jẹ ẹ́ dé irin kí n tó mọ̀. Ó ń dún kẹrẹkẹrẹ, mo rò pé bẹ́ríìnì ni! 13 níwájú pẹ̀lú 50 lẹ́yìn ni mo ń lò báyìí. Ẹ wo ṣéènì yín kẹ́ ẹ tó ra 50 o, ó lè má gùn tó. Eré á dínkù lórí títì, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé irú alùpùpù yẹn gba Third Mainland?