Ìwé Halo ò lè sọ ibi tí géèmù máa gbà fún ẹ

Àbúrò, o ní nínú àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n kọ lórí Halo, géèmù ogun ojú sánmà yẹn, èwo ni kó o kọ́kọ́ rà, àti pé ṣé ìwé Rubicon Protocol máa jẹ́ kó o mọ ibi tí ìtàn ń lọ lẹ́yìn géèmù Halo Infinite. Jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí kó o tó náwó.

Mo ka The Fall of Reach ti Eric Nylund títí ẹ̀yìn ìwé fi já. Òun ló kọ́kọ́ jáde o, ní oṣù kẹwàá 2001, géèmù àkọ́kọ́ gan-an oṣù kọkànlá ló dé, torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé ìpìlẹ̀ nìyẹn. Inú ẹ̀ la ti mọ̀ pé ọmọ 75 ni wọ́n jí gbé lọ́mọ ọdún mẹ́fà kí wọ́n lè sọ wọ́n di ọmọ ogun alágbára, pé nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn tán, 33 péré ló ṣì lè jagun. Ìgbà tí wọ́n wá kéde géèmù Halo: Reach, mo ra ìwé òfìfo kan, mo kọ gbogbo déètì sí i, pé ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ 2552 ni pílánẹ́ẹ̀tì Reach ṣubú sọ́wọ́ ọ̀tá, pé ọkọ̀ ogun Pillar of Autumn wà lójú sánmà, Master Chief, akọni inú Halo, wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi jiyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n lè yí i padà, mo bínú sí i débi pé a ò kíra wa mọ́.

Géèmù dé ní 2010. Àṣé oṣù keje ni ogun ti bẹ̀rẹ̀! Mo ní kò burú, bóyá wọ́n á ṣàlàyé. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni mo rí Pillar of Autumn lórí ilẹ̀. Lórí ilẹ̀ o, ọkọ̀ tí mo ti fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo èèyàn pé ojú sánmà ló wà. Mo gbé páàdì sílẹ̀, mo kàn jókòó, mò ń wò ó. Ó dùn mí gan-an.

Ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ògbógi nínú lore, ìyẹn ìtàn inú Halo, ní kò sí àtakò níbẹ̀, kí n lọ ra ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo rà á. Wọ́n tún àwọn déètì kan ṣe lóòótọ́, ọkọ̀ ṣì wà lójú sánmà. Ó tún ní kí n wá ìwé àkọsílẹ̀ Dr. Halsey (onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kó àwọn ọmọ yẹn jọ) tó bá géèmù olówó gọbọi wá. Irú wọn ò ní gbà láé pé àwọn ṣì í sọ, wọ́n á kàn máa rán ẹ lọ ra nǹkan míì.

Má ka PDF ayédèrú o. Bí mo ṣe ka ìwé First Strike nìyẹn, ojú ìwé tó sọ bí Sergeant Johnson, sójà kan nínú géèmù àkọ́kọ́, ṣe bọ́ lọ́wọ́ ikú ò sí níbẹ̀, mo ń da gbogbo èèyàn láàmú kiri pé báwo ló ṣe wà nínú Halo 2.

Tó o bá fẹ́ máa méfò ibi tí géèmù ń lọ, èèyàn ni kó o máa wò, fi déètì sílẹ̀. Fred, Kelly àti Linda, àwọn ọmọ ogun bíi ti Master Chief, inú ìwé la ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì bá Master Chief rìn nínú Halo 5 lọ́dún 2015. Didact náà, ọ̀tá inú Halo 4, ẹni tó ti ka ìwé Greg Bear kí géèmù náà tó dé mọ ohun tó ń bí i nínú, àwọn tó kù ń béèrè pé ta ni baba yìí. Rubicon Protocol, ti Kelly Gay, 2022 ló jáde, ohun tójú àwọn tó há sórí Zeta Halo, ibi tí Halo Infinite ti ṣẹlẹ̀, rí kí wọ́n tó rí Master Chief gbà là ló ń sọ, ẹ̀yìn ló ń wò. Ó dùn kà ṣá.

Fall of Reach ni kó o kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà First Strike, kó o tó wá kan Ghosts of Onyx. Ìwé The Flood, ìtàn géèmù àkọ́kọ́ náà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, o lè fò ó. Ti Greg Bear, fi í sílẹ̀ ná, ó le.