Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín: Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí í Fi Ọrun àti Ọfà Ṣọdẹ

Nínú àwọn lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa láti ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹbí wọn nílé, mẹ́ta dá lórí fífi ọrun àbáláyé ṣọdẹ, ìyẹn ọrun tí kò ní kẹ̀kẹ́, tí kò sì ní awò tí a fi ń wo ẹran. Ọ̀rọ̀ wọn wọnú ara wọn, ìdí nìyẹn tí a fi kó wọn pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọmọ Ṣakí ni mí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni mo ń gbé. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Ìbọn ṣakabùlà ló ń lò, n kò sì bá a wọgbó rí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí máa ń fi ọrun pa àgbọ̀nrín lọ́dọọdún, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ ta ọrun recurve kan, ìyẹn èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ yí síwájú, fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Pọ́n-ùn 55 ni wọ́n kọ sí i lára. Agbára wà lápá mi, mo máa ń gbé irin. Ṣé kí n rà á? Kí ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Bí ó bá tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fi kọ́ ògiri di ọdún tó ń bọ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń ba tafàtafà jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí èyí tó tó ọrun tó le ju apá rẹ̀ lọ, àwọn ọkùnrin alágbára ló sì máa ń kó sínú àṣìṣe yìí jù.

Iye pọ́n-ùn tí wọ́n kọ sára ọrun ni agbára tí a nílò láti fà á dé íǹṣì 28. Bí apá yín bá gùn, tí ẹ sì ń fà á dé íǹṣì 30, ọrun pọ́n-ùn 55 yẹn lè di nǹkan bíi pọ́n-ùn 60 lọ́wọ́ yín, nítorí pé íǹṣì kọ̀ọ̀kan máa ń fi bíi pọ́n-ùn méjì sí mẹ́ta kún un. Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ yín pé àwọn ń fa pọ́n-ùn 60 tàbí 70, ṣùgbọ́n ẹ béèrè irú ọrun tí wọ́n ń fà. Bí ó bá jẹ́ compound ni, irú èyí tí Holless Wilbur Allen, ará ìpínlẹ̀ Missouri, gba ìwé ẹ̀tọ́ àtinúdá lé lórí ní ọdún 1969, kẹ̀kẹ́ tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà lọ́wọ́ wọn bí ọsán bá ti dé ẹ̀yìn tán. Ti recurve kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró, kí ojú yín balẹ̀ sára ẹran, ibẹ̀ gan-an ni ó ti wúwo jù.

Irin gbígbé kò fi bẹ́ẹ̀ ranni lọ́wọ́, nítorí pé iṣan ẹ̀yìn tó wà láàárín èjìká méjèèjì ló ń fa ọrun, ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń fi iṣan yẹn ṣe iṣẹ́ tó jọ èyí. Bí ọrun bá borí ẹni, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọsán kò ní dé igun ẹnu, ìka á sì ti tú u sílẹ̀ kí ojú tó rí ohun tó ń wò. Bí ara bá ti kọ́ àṣà yìí, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fi í sílẹ̀.

Ọrun tí mo fẹ́ kí ẹ wá ni recurve tí a lè tú apá rẹ̀ méjèèjì kúrò lára ìdìmú, kí apá náà sì jẹ́ pọ́n-ùn 30 tàbí 35. Bí ẹ̀yìn yín bá ti le sí i, apá tuntun pọ́n-ùn 40 tàbí 45 nìkan lẹ máa rà, ìdìmú tí ọwọ́ yín ti mọ̀ á sì wà bó ṣe wà. Pọ́n-ùn 35 ni òfin Pennsylvania fi ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún ọrun tí a lè fi pa àgbọ̀nrín, nítorí náà ọ̀nà tó wà láàárín ọrun tí ẹ fi ń kọ́ṣẹ́ àti èyí tí ẹ máa gbé wọgbó kò jìn rárá. Ní ti longbow, èyí tó gùn tí ṣóńṣó rẹ̀ kò yí síwájú bíi ti recurve, ọrun ọdẹ tó dára ni òun náà. Kò kàn rọrùn láti pààrọ̀ apá rẹ̀ ni.

Ẹ ra ìbọ̀wọ́ tàbí awọ ìka, ìbòpá fún apá tó ń di ọrun mú, àti okùn tí a fi ń so ọsán mọ́ ọrun. Ẹni tó bá ń fi itan tẹ ọrun kó tó so ọsán lè lọ́ apá ọrun náà láìmọ̀. Ẹ má ṣe fa ọrun kí ẹ tú ọsán sílẹ̀ láìsí ọfà lórí rẹ̀ láé; agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ yóò padà sára ọrun, ó sì lè fọ́ ọ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá: ẹ máa yẹ ọsán wò kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì máa fi ìda pa á.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ dúró sí nǹkan bíi yáàdì márùn-ún sí àmì tí kò ní ojú kankan tí ẹ fẹ́ bá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kojú rẹ̀, ẹ fi ìka mẹ́ta kọ́ ọsán, kí ẹ fà á títí ìka kan náà yóò fi kan igun ẹnu yín ní ojú kan náà nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí èjìká tó wà lẹ́yìn máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀, kí ìka tú, kí ọwọ́ sì sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀ gba ìsàlẹ̀ etí kọjá. Apá tó di ọrun mú kò gbọdọ̀ wálẹ̀ títí ọfà yóò fi wọlé. Ogún ọfà tí ẹ fara balẹ̀ ta lójúmọ́ sàn ju ọgọ́rùn-ún tí ẹ fi àárẹ̀ ta lọ. Ìpínlẹ̀ yín sì ní ẹ̀kọ́ ọdẹ kan tó jẹ́ dandan fún ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ ọdẹ rí. Ẹ lọ ṣe é báyìí, ẹ má dúró de àkókò ọdẹ.

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin ni mí, Houston ni mo ń gbé, ọlọ́wọ́ ọ̀tún sì ni mí. Recurve pọ́n-ùn 30 ni mò ń lò. Olùkọ́ mi sọ pé ìdúró mi dára, síbẹ̀ ọfà mi máa ń fì ìdí lọ́nà, apá òsì ni ó sì máa ń já sí. Kí ló ń ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́?

ÌDÁHÙN: Bí olùkọ́ yín bá ti yẹ ìdúró àti ìtúsílẹ̀ yín wò, ọfà yín ni mo fura sí. Bí ọsán bá ti ti ọfà nídìí, igi rẹ̀ máa ń tẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ ọrun kọjá, lẹ́yìn náà ni á wá nà. Èyí tó bá le jù kò ní tẹ̀ tó, apá òsì ni á sì yà sí fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí tó bá rọ̀ jù á yà sí ọ̀tún. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ọfà yín. Lórí ọfà carbon, 500 túmọ̀ sí pé igi náà tẹ̀ ní ìdajì íǹṣì nígbà tí wọ́n gbé ìwúwo tí kò tó pọ́n-ùn méjì kọ́ ọ láàárín, nítorí náà bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni ọfà ṣe le sí. Àwọn tó ń tajà máa ń ta 400 tàbí 340 fún gbogbo ènìyàn nítorí pé òun ló bá ọrun compound mu, ó sì le jù fún ọrun pọ́n-ùn 30.

Ẹ ra ẹyọ kan ẹyọ kan nínú 600 àti 700, kí wọ́n má gé wọn kúrú, nítorí pé ọfà gígùn àti orí tó wúwo máa ń dín líle kù. Ẹ ta èyí tí kò ní ìyẹ́ kankan láti yáàdì mẹ́wàá, kí ẹ sì máa gé e díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ẹ pààrọ̀ orí rẹ̀ títí yóò fi máa bá àwọn oníyẹ̀ẹ́ já sí ojú kan náà. Ẹ wá ra ìyókù lẹ́yìn ìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ orí ìdìmú gan-an ni ọfà yín ń sùn lé, ìyẹ́ ẹyẹ ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti ike, nítorí pé ike kì í tẹ̀ bó bá kan ọrun.

ÌBÉÈRÈ: Láti Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi tó wà ní Pennsylvania ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọrun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn baba wa máa ń fi oró sórí ọfà. Báwo ni ọfà tí kò ní oró ṣe lè pa ẹran tó tó àgbọ̀nrín wọn? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ pé ẹran ni wọ́n kàn ń dá lóró.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, bàbá. Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá gbé ọrun máa bi ara rẹ̀ lẹ béèrè yìí. Oró tí àwọn ọdẹ apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń lò láyé àtijọ́ máa ń wá láti inú irúgbìn Strophanthus, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti da ìlù ọkàn rú títí yóò fi dúró. Ọfà tó kàn ya ẹran lára lè pa á nípasẹ̀ rẹ̀. Ní Pennsylvania, òfin kò gba oró lórí ọfà, nítorí náà ojú abẹ nìkan ni ọmọ yín gbẹ́kẹ̀ lé. Ọfà náà gbọ́dọ̀ gé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ dà, kí ẹran sì ṣubú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Orí ọfà tó fẹ̀ ju ìwọ̀n òfin lọ, ìyẹn ìdá méje nínú mẹ́jọ íǹṣì, kò wúlò bí kò bá mú tó láti fá irun ọwọ́ ẹni.

Ibi tí ìwà ìkà ti ń wọlé ni kí ènìyàn ta ọfà láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ibi tó ti lè ta gbogbo ọfà rẹ̀ sí ojú kan tí kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ, títí kan ọfà àkọ́kọ́ tó ta láàárọ̀ kí ara rẹ̀ tó yá, ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ parí sí. Fún ọ̀pọ̀ tafàtafà aláìlókẹ̀kẹ́, yáàdì 15 sí 20 ni. Ní yáàdì 20, ọfà recurve máa ń lo bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kó tó débẹ̀, ìró ọsán a sì ti dé etí ẹran ṣáájú rẹ̀. Àgbọ̀nrín tó ti nà rọ̀gbọ̀dọ̀ tó ń wò ó á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọfà tó dé. Èyí tó fi ẹ̀gbẹ́ sí i tàbí tó kọ ẹ̀yìn sí i díẹ̀, tó sì ń jẹun, ni kó ta, kó sì wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú, kó má ta èyí tó kojú sí i.

Àṣà sísún mọ́ ẹran yìí ní ìtàn lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1911, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ishi, ẹni ìkẹyìn nínú àwọn Yahi, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, jáde láti orí òkè sí ìlú Oroville ní California. Saxton Pope, oníṣègùn iṣẹ́ abẹ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, kọ́ ọrun gbígbẹ́ àti ọdẹ ṣíṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ kí Ishi tó kú ní 1916, ó sì tan ìmọ̀ náà kálẹ̀. Ní 1934, Wisconsin di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ya àkókò sọ́tọ̀ fún fífi ọrun pa àgbọ̀nrín.

Lẹ́yìn tí ọfà bá ti wọlé, kí ọmọ yín má sáré tẹ̀ lé ẹran náà. Kó jókòó, kó sàmì sí igi tó rí i gbà kọjá kẹ́yìn, kó sì gbọ́ bóyá ó ṣubú. Bí ẹ̀jẹ̀ ara ọfà bá pupa yòò tó sì ń hó, ẹ̀dọ̀fóró ni. Kó dúró fún ìdajì wákàtí. Bí ó bá pupa dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Kó dúró fún bíi wákàtí mẹ́rin. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé tó sì ń rùn, ìfun ló bá, kó sì fi ẹran náà sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, nítorí pé ẹran tí wọ́n bá lé nígbà yẹn á sá lọ jìnnà, wọn kò sì ní rí i mọ́.

Bí ó bá jẹ́ orí igi ni yóò máa jókòó sí, kó ti de okùn ààbò mọ́ra kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, kó sì fi okùn mìíràn fa ọrun rẹ̀ gòkè lẹ́yìn tó bá ti jókòó tán.