Èsì: Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kọ̀wé pé ẹ̀gbọ́n yín sọ pé Ọ̀fà lẹ wà lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bàbá yín jóná l'Ọ́jà Ọba, síbẹ̀ ẹ̀yin rántí pé ẹ fojú ara yín rí iná náà. Ìtàn tẹ́ ẹ ti gbọ́ láìmọye ìgbà ló ṣeé ṣe kó ti di ohun tẹ́ ẹ fojú rí.

Bá a bá ń rántí nǹkan, ńṣe là ń tún un tò, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì á sì wọ inú rẹ̀. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi fíìmù ọkọ̀ tó kọlu ara han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n bi léèrè bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe sáré tó nígbà tí wọ́n 'rún ara wọn', dípò 'gbá ara wọn', 16 nínú 50 wọn ló sọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé àwọn rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì tó fọ́ kankan níbẹ̀!

Èmi náà, òfì pupa ni mo rí lára ìyá àgbà níbi ìsọmọlórúkọ àbúrò mi l'Ómù-Àrán. Fọ́tò jáde, àdìrẹ ni. Ó dùn mí gan-an.

Kí ẹ tó tún jọ sọ ọ́, kí kálukú kọ tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ wá wá fọ́tò tàbí ìwé ilé ìwé ọdún yẹn.

Ohun àtijọ́ ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ ohun àárọ̀ yìí lẹ̀ ń gbàgbé, tàbí ọ̀nà ilé ń rú yín lójú, ẹ tètè lọ rí dókítà.