Ẹni tí wọ́n pín bí ogún kì í ṣe ọmọ ilé: ìdáhùn lórí ìwé ìhágún kan láti Virginia

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, Baltimore ni mo ń gbé, ìyàwó mi sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. A rí ẹ̀dà ìwé ìhágún kan tí wọ́n kọ ní Virginia ní 1754. Òyìnbó tó kọ ọ́ fi obìnrin aláwọ̀ dúdú kan "àti ìbísí rẹ̀" sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. A gbà pé ìyá ńlá ìyàwó mi ni. Ó jọ pé wọ́n kà á mọ́ ẹbí, bí ẹrú ṣe máa ń di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa. Ṣé mo gbà á bó ṣe yẹ? Ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ní ká san 400 dọ́là, òun á fi orúkọ obìnrin náà sọ ìlú Yorùbá tó ti wá. Ó ní ó jọ orúkọ Ìjẹ̀ṣà. Ṣé ká san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn. Gbólóhùn yín kan ló ká mi lára ju tirẹ̀ lọ, pé "wọ́n kà á mọ́ ẹbí." Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Léraléra ni wọ́n ń kọ ọ́ sí mi, àwọn kan tiẹ̀ ti ń fi kọ́ ọmọ.

Àbúrò mi, wọn ò kà á mọ́ ẹbí. Wọ́n pín in fún ẹbí.

Ojú ilé wa lẹ fi ka ìwé ilé onílé. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹrúbìnrin bá bímọ fún olówó rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀ ni ọmọ náà, ó sì ń dúró ní ìdí-igi ìyá rẹ̀ bí wọ́n bá ń pín ogún. N ò sọ pé ẹrú ilé wa ń jẹ oyin o. Ogun kó èèyàn, wọ́n sì tà wọ́n bí ẹni ta iṣu. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń ti ìdí ẹrú bọ́ sínú ilé, ọmọ ló sì sábà máa ń là á. Ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n fi òfin dí ní Virginia.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe dí i. Elizabeth Key jẹ́ ọmọ obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, bàbá rẹ̀ sì ni Thomas Key, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti jókòó nílé aṣòfin Virginia. Nígbà tí ẹni tó ń sìn kú, àwọn tó ń bójú tó dúkìá òkú ka òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ mọ́ ẹrú tí wọ́n fẹ́ pín. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ káńtì Northumberland (káńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa). Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi jà fún un ni pé lábẹ́ àṣà Gẹ̀ẹ́sì, ipò bàbá ni ọmọ ń tẹ̀lé. Ẹjọ́ náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ní 1656 ó gba òmìnira. Kò pé ọdún méje lẹ́yìn náà, ní December 1662, ilé aṣòfin gbé òfin jáde pé ipò ìyá ni ọmọ yóò máa tẹ̀lé. Ní 1667 wọ́n tún fi òmíràn kún un pé ìrìbọmi kì í sọ ẹrú di òmìnira, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì jáde.

Ẹ wá fi òfin 1662 yẹn ka "ìbísí" tó wà nínú ìwé yín. Increase lẹ ó rí níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń lò fún màlúù àti àgùntàn, nígbà mìíràn nínú ìwé ìhágún kan náà. Akọ̀wé fi í síbẹ̀ kí ọmọ tí wọn ò tíì lóyún rẹ̀ má baà dé ayé láìní olówó. Bí bàbá tó kọ ìwé náà, tàbí ọmọkùnrin rẹ̀, bá fún obìnrin yẹn lóyún, ọmọ tó bá bí á di ohun-ìní ọmọbìnrin tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n o, ọ̀kan sì jẹ́ ohun-ìní èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹbí wà níbẹ̀?

Ọdún tó wà lórí ìwé yín tún ṣe pàtàkì. Láti 1705 ni Virginia ti ka ẹrú sí irú dúkìá tí wọ́n ń ka ilẹ̀ àti ilé sí tó bá di ọ̀rọ̀ ogún, ó sì tó 1792 kí wọ́n tó pa á rẹ́ pátápátá. Àwọn ìlú yòókù tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà nígbà náà kò ṣe é bákan náà. South Carolina ní tirẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin 1740 pé ohun-ìní téèyàn lè gbé lọ gbé bọ̀ ni ẹrú. Nítorí náà, ẹ má fi òfin ìpínlẹ̀ kan ka ìwé òmíràn. Lábẹ́ òfin 1705, bí ọkùnrin bá kú láìkọ ìwé ìhágún, dáwódù ló ń gba àwọn ẹrú bó ṣe ń gba ilẹ̀, kó sì san iye tó kan àwọn àbúrò rẹ̀ fún wọn. Opó ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n láti lò títí yóò fi kú ni, kì í ṣe láti ni. Bí òkú bá jẹ gbèsè, ẹni tó yá a lówó lè mú nínú wọn.

Ìpín opó yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í yé. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé kan tí gbogbo ayé mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Daniel Parke Custis kú ní 1757, kò kọ ìwé ìhágún. Martha, opó rẹ̀, gba ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹrú, ó sì fẹ́ George Washington, tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní 1759. Wọ́n kó nínú àwọn ẹrú náà wá sí Mount Vernon, oko Washington. Àwọn ti Custis àti àwọn ti Washington jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n fẹ́ra wọn, wọ́n bímọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò mọ ìgbéyàwó ẹrú rárá. Nígbà tó di 1799, èèyàn 317 ló wà lóko ẹrú níbẹ̀, 153 nínú wọn sì jẹ́ ti ìpín opó. Ọdún yẹn náà ni Washington kú. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí àwọn tirẹ̀ di òmìnira lẹ́yìn ikú ìyàwó òun. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé wọ́n ti bá àwọn ti ìpín opó ṣe ìyàwó, òun ò sì lágbára láti dá àwọn yẹn sílẹ̀. Martha tú àwọn ti ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní January 1801. Ẹ fojú inú wo ọjọ́ yẹn. Ọkọ di òmìnira, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ṣì wà lóko, torí pé ìyá ìyàwó náà wà nínú ìpín òkú Custis láti 1757. Nígbà tí Martha kú ní 1802, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́rin pín àwọn tó kù láàárín ara wọn, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé mẹ́rin.

Ona Judge jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹrú ìpín opó yẹn. Betty, ìyá rẹ̀, wà nínú ìpín opó. Bàbá rẹ̀, òyìnbó aránṣọ, kò já mọ́ nǹkan kan níwájú òfin. Ona sá kúrò ní Philadelphia ní 1796, ó dé New Hampshire, ó fẹ́ atukọ̀ kan tó jẹ́ òmìnira, ó bí ọmọ mẹ́ta fún un. Lójú òfin, àwọn ọmọ náà jẹ́ ti àrólé Custis. Ìbísí ni wọ́n. Ó kú ní 1848, kò sẹ́ni tó kọ ìwé òmìnira fún un rí.

Àwọn àgbà wa ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí. Mo máa ń rántí òwe yìí tí mo bá ń ka ìwé àkójọ dúkìá òkú.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní àwọn olówó fúnra wọn pè wọ́n ní ẹbí. Òótọ́ ni. Nígbà yẹn, family nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lè kó gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ baálé pọ̀, ìyàwó, ọmọ, ìránṣẹ́ àti ẹrú. William Byrd, olóko ńlá kan ní Virginia, kọ lẹ́tà ní 1726, ó fi ara rẹ̀ wé àwọn baba ńlá inú Bíbélì, ó ka agbo ẹran rẹ̀ àti ẹrúkùnrin àti ẹrúbìnrin rẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹni tó ń pàṣẹ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Pípè tí wọ́n pe ẹrú bẹ́ẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tó lè jẹ ogún.

Bóyá ẹ tún ń rò pé bí bàbá náà ṣe fi obìnrin yìí fún ọmọ rẹ̀ dípò kó tà á, ìfẹ́ ni. N ò lè wo ọkàn òkú. Láti 1723 sí 1782, olówó kò lè dédé dá ẹrú sílẹ̀ ní Virginia láìsí àṣẹ gómìnà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, nítorí náà àìdásílẹ̀ nìkan kì í fi gbogbo ìgbà sọ ohun tó wà lọ́kàn olówó. Ohun tí ìwé ń fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ bàbá ń fi ilẹ̀ fún ọmọkùnrin, wọ́n a sì fi ẹrú ṣe ẹrù ìyàwó fún ọmọbìnrin. Bí ọmọbìnrin bá ti lọ sílé ọkọ, ẹrú rẹ̀ bọ́ sábẹ́ àṣẹ ọkọ, ó sì lè di pé ó fi ọkọ tirẹ̀ tàbí ìyá tirẹ̀ sílẹ̀ sí káńtì mìíràn.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá orúkọ ọkọ tí ọmọbìnrin yẹn fẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ìwé àkójọ dúkìá bàbá rẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti díye lé ẹrú kọ̀ọ̀kan ní pọ́n-ùn àti ṣílè. Bí orúkọ ọmọdé bá tẹ̀ lé orúkọ obìnrin lẹ́sẹẹsẹ, ó lè jẹ́ ìyá àti ọmọ; kò dájú. Ẹ wá ẹjọ́ ogún láàárín àwọn àrólé pẹ̀lú, torí níbi tí òyìnbó bá ti ń jà ni orúkọ ẹrú ti ń pọ̀ nínú ìwé. Ilé-ìkàwé ìpínlẹ̀ Virginia ní Richmond kó ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ. Àwọn káńtì kan wà tí ogun abẹ́lé jó ìwé wọn run, ẹ wádìí tiyín kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀. Ní òdìkejì, ẹ ti ọ̀dọ̀ ìyàwó wa gòkè bọ̀ dé ìkànìyàn 1870, èyí tó kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo aláwọ̀ dúdú. Títí àwọn ọ̀nà méjèèjì á fi pàdé, ẹ má pe obìnrin 1754 yẹn ní ìyá ńlá ẹnikẹ́ni. N ò rí ìwé yín, ìdáhùn mi kò sì rọ́pò ti agbẹjọ́rò tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí owó bá wà níbẹ̀.

Ọkùnrin 400 dọ́là ńkọ́? Olówó ló ń sọ ẹrú lórúkọ tó bá wù ú. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé Phillis Wheatley, ẹrúbìnrin tó di akéwì, dé Boston ní 1761 ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn mìíràn ń jẹ́ Caesar, wọn ò sì rí Róòmù rí. Orúkọ Áfíríkà wà lóòótọ́ nínú àwọn ìwé yìí, bíi Cuffee, tó jẹ́ Kofi àwọn Akan, ṣùgbọ́n ìró ẹnu tí akọ̀wé òyìnbó gbọ́ kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé Iléṣà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó gba orí òkun kọjá lọ nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó àti lẹ́yìn rẹ̀, sí Bahia àti Cuba. Àwọn tí wọ́n kó wá sí Virginia ṣáájú 1754 pọ̀ láti agbègbè Biafra, Senegambia àti Àǹgólà. Ó lè jẹ́ Yorùbá. Ó tún lè jẹ́ pé Virginia ni wọ́n bí òun àti ìyá rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ láti inú orúkọ kan ṣoṣo ń purọ́ fún yín.

Ẹ fi orúkọ káńtì náà ránṣẹ́ sí mi, màá sọ fún yín bóyá ìwé wọn ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá sì rí ìwé àkójọ dúkìá yẹn, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó wa dá nìkan kà á. Iye owó tó wà níwájú orúkọ máa ń dùn wọ́n ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹ jókòó tì í.