Ta ló wà lẹ́yìn àwọn lẹ́tà tó ń tako òfin tábà?

ÌBÉÈRÈ: Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlera nílé aṣòfin ni mí. A fẹ́ ṣòfin pé kí àwòrán ìkìlọ̀ gba èyí tó pọ̀ jù lára páálí sìgá. Lẹ́tà mẹ́ta ti dé: ti ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ti ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ti agbẹjọ́rò kan. Gbogbo wọn ló ní òfin náà tàpá sí àdéhùn ìṣòwò àgbáyé, ọ̀rọ̀ inú wọn sì jọra jù. Ṣé àwọn iléeṣẹ́ sìgá tó ń bára wọn du oníbàárà lè pawọ́ pọ̀ báyìí? Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọjà nìkan ni wọ́n ti ń bára wọn du nǹkan. Tó bá di ọ̀rọ̀ òfin, ọmọ ìyá ni wọ́n. Lóṣù kẹfà ọdún 1977, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ sìgá méje, tó fi mọ́ Philip Morris, British American Tobacco (BAT) àti Reemtsma ti Jámánì, pàdé ní bòńkẹ́lẹ́ nílé ńlá kan tó ń jẹ́ Shockerwick House, lẹ́bàá ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ gbà fún ìjọba kankan pé sìgá ń fa àrùn. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n yé mi: bí ẹnì kan bá jẹ́wọ́ níbì kan, wọn óò fi mú àwọn yòókù níbi gbogbo. Operation Berkshire ni wọ́n pe ètò náà. Ẹjọ́ tí wọ́n pè ní Amẹ́ríkà ló tú àwọn ìwé yìí síta. Ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkójọ yunifásítì California tó wà ní San Francisco.

Ní ti àwọn àgbẹ̀, ìròmi tó ń jó lórí omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Àwọn ìwé kan náà fi hàn pé iléeṣẹ́ sìgá ló ń náwó sórí ITGA, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tábà àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1984, kí àgbẹ̀ lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà lẹ́nu wọn. Ó dùn mí, torí ìṣòro àgbẹ̀ kì í ṣe irọ́.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ìṣòwò yẹn, wọ́n ti lò ó tì. Uruguay ní kí ìkìlọ̀ gba ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún páálí. Philip Morris pè é lẹ́jọ́ ní 2010, ó pàdánù ní 2016, wọ́n sì ní kó san mílíọ̀nù méje dọ́là lára owó tí Uruguay ná sórí ẹjọ́ náà. Ọsirélíà náà borí ní Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní 2018 lórí òfin páálí sìgá tirẹ̀, ó sì tún borí ní 2020 nínú ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí wọ́n pè.

Torí náà, ẹ kọ̀wé padà sí olúkúlùkù wọn: ta ló ń sanwó fún yín? Ta ló kọ lẹ́tà yìí? Abala wo nínú àdéhùn wo lẹ ní a rú? Ẹ to lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra wọn, ẹ fàlà sábẹ́ àwọn gbólóhùn tó bára mu, kí ẹ sì fi wọ́n sínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀. Bí orílẹ̀-èdè yín bá ti fọwọ́ sí àdéhùn ìdarí tábà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, abala 5.3 pàṣẹ pé kí ẹ dáàbò bo òfin ìlera lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tábà. Ẹ má pàdé wọn àyàfi tó bá pọn dandan, kó sì jẹ́ ní gbangba.

Ẹ má sì sún ọjọ́ ìjókòó síwájú torí pé ẹ ń retí èsì wọn. Ìdádúró gan-an ni wọ́n ń wá: ní 2013, New Zealand kéde pé òun yóò dúró wo ibi tí ẹjọ́ Ọsirélíà máa já sí kóun tó mú òfin tirẹ̀ lò.