Ẹ Bi Wá Léèrè: Ṣé Ìmọ́lẹ̀ Lè La Ìlù Etí Kọjá Kó Wo Etí Tó Ń Dà?

Ìbéèrè (Ìyá ọmọ kan, Kubwa, Abuja): Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, kì í pé oṣù méjì kí etí ọ̀tún rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹnìkan ń ta ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ etí, iná búlúù àti pupa ló ń tàn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ náà ń la ìlù etí kọjá lọ pa kòkòrò, pé a ò ní lo oògùn mọ́. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, ìyá wa. Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, àmọ́ ó ti sáré kọjá ibi tí ìwádìí dé.

Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ń la ìlù etí kọjá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè tanná sí i kó sì rí i bóyá omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tí kò lárùn la ń sọ yẹn. Bí àrùn bá wọlé, awọ yẹn á wú, á pọ́n, ẹ̀jẹ̀ á kún inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì ju ti pupa lọ. Ọyún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tún tú ìyókù ká. Ìgbà tí a nílò ìmọ́lẹ̀ náà jù gan-an ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé.

Ihò etí fúnra rẹ̀ kò tún gún gbọọrọ. Bí wọn kò bá fa etí ọmọ kékeré sẹ́yìn àti sísàlẹ̀ díẹ̀, ara ihò etí ni iná ẹ̀rọ náà yóò máa tàn sí. Bí ìdọ̀tí etí bá sì dí i, ó parí náà nìyẹn.

Èyí tó wá le jù ni pé inú àárín etí, ìyẹn ẹ̀yìn ìlù etí, kì í ṣe pẹrẹsẹ. Egungun kéékèèké mẹ́ta ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọ̀rọ̀ oríṣiríṣi, àti àwọn ihò inú egungun ẹ̀yìn etí. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tan tọ́ọ̀ṣì sínú yàrá kò lè rí ẹ̀yìn àpótí. Kòkòrò tó bá sá sí kọ̀rọ̀, tó tún fi ohun tó ń yọ̀ bo ara rẹ̀ mọ́ ògiri, yóò yè, yóò sì tún pọ̀ sí i.

Ní ti ọmọ yín, ibi tí àrùn ti ń wọlé ló yẹ ká wò. Ihò tóóró tó so etí mọ́ ẹ̀yìn imú kúrú lára ọmọdé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Ọ̀fìnkìn, pàápàá lásìkò ọyẹ́, á mú kó wú, á sì dí. Ìmọ́lẹ̀ kò lè ṣí i, kò sì lè fa omi jáde. Bí etí ọmọ bá ti ní àrùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún kan, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ó wà ní National Hospital, ó sì wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada. Wọn á yẹ ẹran tó wà lẹ́yìn imú wò, wọn á sì dán bó ṣe ń gbọ́ràn wò. Wọ́n lè fi ọ̀pá kékeré kan sínú ìlù etí kí omi lè máa ráàyè jáde. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ náà: ó yẹ kó ti gba ti kòkòrò pneumococcus ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Kí èéfín èédú àti ti sìgá má sì sí nítòsí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí etí bá ń dùn ún, parasítámọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un: mílígíráàmù 15 fún kílò kan, ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ọmọ kílò 12 yóò mu mílígíráàmù 180. Bí omi oògùn náà bá jẹ́ mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5, mílílítà 7.5 nìyẹn.

Ìbéèrè (Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Zaria): Báwo ni ìmọ́lẹ̀ búlúù ṣe ń pa kòkòrò láìsí oògùn? Ṣé iná tí wọ́n ń tàn sí ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ pọ́n náà ni?

Ìdáhùn: Rárá. Iná ti ọmọ tuntun wà láàárín nánómítà 460 sí 490 (nánómítà ni wọ́n fi ń mọ irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ní). Bilirubin, ìyẹn ohun tó ń mú kí ojú ọmọ pọ́n, ló ń yí padà kí ara lè gbé e dànù, kò bá kòkòrò jà.

Ti kòkòrò sún mọ́ nánómítà 405. Àwọn kòkòrò kan ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ porphyrin nínú ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ yìí á kọlu porphyrin, porphyrin á sọ ọ́síjìn di oró, oró náà á sì ba kòkòrò jẹ́ láti inú. Pseudomonas àti Staphylococcus tó wọ́pọ̀ nínú etí tó ń dà fún ìgbà pípẹ́ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ọmọdé, Streptococcus pneumoniae àti Haemophilus influenzae ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì yìí kì í sì í fúnra wọn ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí mìíràn wá ń fi àwọ̀ bíi methylene blue kún un kó lè ṣe iṣẹ́ porphyrin, wọ́n á tan iná pupa tó tó nánómítà 660 sí i. Báwo ni àwọ̀ náà yóò ṣe dé ẹ̀yìn ìlù etí tí kò lu? Abẹ́rẹ́ ni, ohun tí a sì ń sá fún tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Iná mílíwáàtì 50 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó, fún ìṣẹ́jú 20, á fúnni ní agbára júùlù 60. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló la awọ tó wú kọjá, 20 ló kù, ó sì di wákàtí kan gbáko kí iye àkọ́kọ́ tó pé. Ọmọ ọdún mẹ́ta wo ló máa jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan? Bí wọ́n bá sì fi kún agbára iná náà, ooru dé nìyẹn: ó lè jó awọ, ó sì lè kọ́ ọmọ lóòyì, torí etí inú ló ń mú ara dúró déédéé. Àwọn dókítà mọ èyí dáadáa, omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n Celsius 30 àti 44 ni wọ́n ń dà sétí láti fi dán an wò.

Lára ẹranko àti nínú yàrá ìwádìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi ìmọ́lẹ̀ rọ́pò oògùn fún àrùn etí.

Ìbéèrè (Bàbá àgbà kan, Sábó Gàrí, Kano): Tọ́ọ̀ṣì fóònù ńkọ́? Àbí kí ọmọ fi etí gba oòrùn?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àgbà. Niels Finsen ará Denmark gba ẹ̀bùn Nobel ní 1903 torí pé ó fi ìmọ́lẹ̀ wo ikọ́ ẹ̀gbẹ tó mú awọ ara, nítorí náà ìbéèrè yín kì í ṣe ti ọ̀gbẹ̀rì. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì fóònù kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, oòrùn Kano yóò sì jó awọ ojú ọmọ kó tó dé àárín etí rẹ̀.

Ìbéèrè (Bàbá ọmọ, Gwagwalada): Etí ọmọ mi ti ń dà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò dùn ún. Kí la lè ṣe nílé?

Ìdáhùn: Bó bá ti tó ọjọ́ 14, ó ti di èyí tó ń pẹ́ lára. Gbígbẹ etí náà ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fò.

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ ká aṣọ òwú tó mọ́ tàbí tíṣù tó lágbára, kí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ẹ fa etí sẹ́yìn, ẹ rọra ti èyí wọlé, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi tutù, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i, títí èyí tẹ́ ẹ yọ jáde yóò fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Ẹ má fi ìṣáná tàbí igi olówùú ṣe é, ẹ má sì fi nǹkankan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbígbẹ nìkan ni ẹ tó kán oògùn ciprofloxacin tí dókítà kọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ ẹ bá kán an sórí ọyún, ọyún yẹn náà ni yóò gbé e jáde. Ẹ kọ́kọ́ di ìgò náà mọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ sì máa tẹ ẹran kékeré iwájú ihò etí náà léraléra kí oògùn lè wọnú.

Ẹ má fi oògùn gentamicin, àdí tàbí omi ọmú sí i. Ìlù etí tó ti lu yóò jẹ́ kí gentamicin dé etí inú, ó sì lè ba gbígbọ́ràn jẹ́. Bó bá fẹ́ wẹ̀, ẹ fi òwú tí ẹ fi vaseline pa dí i, kẹ́ ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn ìwẹ̀.

Bí ẹ̀yìn etí bá wú tó sì ń dùn ún bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, bí ojú ọmọ bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí ibà àti orí fífọ́ bá bá a pọ̀ mọ́ ọrùn líle, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó wà lágbègbè Kaduna lè lọ sí National Ear Care Centre níbẹ̀.